Ìkòkò Kan, Ẹran Wẹ́wẹ́

Ní ìlú wa Òkè-Ìmẹ̀sí, odó ni wọ́n fi ń wọn obìnrin. Bí ìyàwó tuntun bá wọlé, àwọn àgbà kì í kọ́kọ́ béèrè ìwé tí ó kà tàbí iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Etí ni wọ́n ń dẹ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí ìró odó bá ń dún kì, kì, kì, wọn a ní, "Ìyàwó yìí mọ̀ ọ́n ṣe." Bí ẹ̀yìnkùlé bá dákẹ́, ẹ̀yin náà mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Òfófó kò ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń yára ju ọkọ̀ Adó lọ.

N kò bá wọn jà. Èkìtì ni wá. Ẹnu wa kì í tilẹ̀ pe iyán ní iyán, "uyán" ni à ń pè é, "usu" ni a sì fi ń gún un. Àwọn àgbà ti to oúnjẹ Yorùbá lẹ́sẹẹsẹ fún wa: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Sìpàgẹ́tì kò sí nínú rẹ̀. Kò tilẹ̀ dé ipò gúgúrú.

Síbẹ̀, sìpàgẹ́tì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: sìpàgẹ́tì àti ẹran màlúù tí a sè pọ̀ nínú ìkòkò kan ṣoṣo, lórí iná kan ṣoṣo, tí gbogbo ilé sì jẹ ẹ́ yó kí agogo mẹ́jọ alẹ́ tó lù. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń yínmú. Ìlú Fábùnmi ni ìlú wa, jagunjagun tí ẹnikẹ́ni kò lè ròyìn ogun Kírìjí kí ó má dárúkọ rẹ̀, ogun tí wọn kò fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ títí di ọdún 1886. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá irú ìlú bẹ́ẹ̀ jiyàn lórí oúnjẹ gbọ́dọ̀ so ṣòkòtò rẹ̀ le. Èmi ti so ìró tèmi le.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ṣírò. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Bí ilé-ìwé bá parí lọ́sàn-án, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà tí mo ń jókòó tì títí di agogo mẹ́fà, nítorí owó oṣù nìkan kò lè sanwó ilé-ìwé ọmọ mẹ́rin. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Adó, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí ó tó wọlé. Bí obìnrin irú mi bá ní iyán lòun yóò gún, yóò bẹ iṣu, yóò fọ̀ ọ́, yóò gbé e kaná, yóò dúró kí ó jinná. Yóò tún gbé ìkòkò mìíràn kaná fún ọbẹ̀: ẹran ní láti rọ̀, ata ní láti dín, ẹ̀fọ́ ní láti wọlé. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbá ọmọ-odó mú. Bí ó bá ṣe é kánkán, wákàtí méjì ti lọ. Agogo mẹ́sàn-án ti fẹ́ẹ̀ lù. Àbíkẹ́yìn ti sùn sórí ẹní. Wọn a jí i, a ké, a gbé òkèlè mẹ́ta mì pẹ̀lú ojú dídì, a tún sùn padà. Ìyá náà ńkọ́? Èjìká ń ro ó, ẹ̀yìn ń ro ó, abọ́ tí yóò fọ̀ sì kún ilẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ìgúnyán wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mákanjúọlá ti Yunifásítì Ifẹ̀ ti ṣe é láti nǹkan bí ọdún 1975, a sì ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń fẹ́ iná mànàmáná, iná mànàmáná sì ń fẹ́ kí orí ẹni pé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, èyí tí ó wà lọ́dọ̀ yín tún burú jù. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ti gba wákàtí méjì kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ta ni yóò wá bẹ iṣu?

Inú kíláàsì mi ni mo ti ń rí ohun tí oúnjẹ òru ń ṣe fún ọmọ. Bí a bá ń ṣe ìṣirò láàárọ̀, ẹ ó rí ọmọ tí orí rẹ̀ ń wọ́ lọ sórí tábìlì bí ẹni ń wá nǹkan tí ó sọnù. Lọ́jọ́ kan mo ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ta ló jẹun alẹ́ àná kí agogo mẹ́jọ tó lù?" Ọwọ́ díẹ̀ ló ga. Mo ní, "Ta ló jẹ ẹran?" Ọwọ́ tún dínkù. Ọmọkùnrin kan wá dìde, ó ní, "Àńtí, ẹran wà níbẹ̀ o. Bàbá wa ló jẹ ẹ́. Àwa fi omi rẹ̀ jẹun." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Bí a ṣe tọ́ àwa náà nìyẹn. Ẹran ńlá ni ti baba, èyí tí ó tẹ̀lé e ni ti ìyá, ti ọmọ sì ni èyí tí ó kéré bí èékánná, tí yóò fi sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ títí oúnjẹ yóò fi tán, kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀kánjúà. Wọ́n ní bí ọmọdé bá tètè mọ adùn ẹran àti ẹyin, yóò jalè. Èmi tí mo ti tọ́ ọmọ, tí mo sì ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé-ìwé, ọmọ tí a kò fún lẹ́ran gan-an ni mo ń rí tí ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ ṣí ìkòkò ọbẹ̀ lóru. Àwọn nọ́ọ̀sì tí ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ lẹ́kọ̀ọ́ kò yéé sọ ọ́ pé ẹran pupa wà lára ohun tí ń fún ọmọ lẹ́jẹ̀, tí ń mú egungun àti iṣan rẹ̀ dàgbà. Baba tí ó ti dàgbà tán, kí ni ẹran rẹ̀ tún fẹ́ mú dàgbà bí kò ṣe ikùn?

Ibí yìí ni ìkòkò kan ṣoṣo ti wọlé. Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sí àkókò nìkan. Ọ̀nà tí a fi ń pín ẹran gan-an ni ó yí padà. Nínú ìkòkò náà, wẹ́wẹ́ ni à ń gé ẹran, ó sì ń ká gbogbo oúnjẹ náà. Kò sí ẹran baba, kò sí ẹran ọmọ. Ibi tí ṣíbí bá bù dé ni ẹran wà.

Ẹ wo bí mo ṣe ń sè é fún ẹni mẹ́fà. Páálí sìpàgẹ́tì kan tí ó jẹ́ 500 gíráàmù ni mo ń lò, pẹ̀lú ààbọ̀ kílò ẹran màlúù. Mo máa ń sọ fún alápatà pé kí ó fún mi ní èyí tí kò ní egungun, tí ọ̀rá díẹ̀ wà lára rẹ̀. Mo gé e kéékèèké, kí ó má ju orí àtàǹpàkò ọmọdé lọ, nítorí bí ẹran bá ṣe kéré tó ni ó ṣe ń tètè rọ̀ tó. Mo da á sínú ìkòkò pẹ̀lú àlùbọ́sà, iyọ̀, kọ́rì àti táìmù, mo fi omi díẹ̀ sí i, mo dé e. Lẹ́yìn tí ó bá ti hó nínú omi ara rẹ̀, mo bu omi mìíràn tí yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú tó fún un láti rọ̀, àfi bí màlúù náà bá jẹ́ arúgbó. Láàárín àkókò yìí, ẹ kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ lè jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ, ẹ lè wẹ̀, ẹ tilẹ̀ lè na ẹsẹ̀.

Bí omi bá ti fẹ́ẹ̀ gbẹ tán, mo da òróró díẹ̀ lé e, kí ẹran náà dín fẹ́ẹ́rẹ́. Ata lílọ̀ ló tẹ̀lé e: tòmátì mẹ́rin, tàtàṣé méjì, àlùbọ́sà kan, ata rodo kan péré nítorí àwọn ọmọ. Kò gbọdọ̀ kánjú níbí. Ẹ jẹ́ kí ó dín títí ìkan rẹ̀ yóò fi lọ, tí òróró yóò sì léfòó. Nígbà náà ni mo ń bu omi sí i, ìgò onísẹ́ńtílítà 50 méjì àti ààbọ̀. Bí ó bá ti ń hó yaya, mo ṣẹ́ sìpàgẹ́tì sí méjì, mo dà á sínú rẹ̀, mo sì ń rò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ẹ kò bá rò ó nígbà yẹn, yóò lẹ̀ mọ́ ara wọn bí irun tí a kò yà. Mo dé e, mo dín iná kù. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá ó ti jinná. Nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo rẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lé e lórí, mo sì fi irú ṣíbí kan sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, irú. Èkìtì ni mo sọ pé mo jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bọ sìpàgẹ́tì lọ́tọ̀, tí ẹ ń da omi rẹ̀ nù, n kò bá yín wí. Ṣùgbọ́n omi yẹn ni ó ń ki, òun ni ó ń mú kí ata dì mọ́ sìpàgẹ́tì tí kò fi ní máa yọ̀ lẹ́nu bí omi òjò. Ìkòkò kan náà ni, iná kan náà ni, ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ ó fọ̀. Gáàsì tàbí èédú tí ìkòkò méjì ì bá jẹ, ìdajì rẹ̀ ti ṣẹ́kù. Bí ẹ bá sì ti bọ ẹran kí ẹ tó jáde láàárọ̀, ẹ kàn gbé e kaná kí ó tún hó dáadáa ni, gbogbo iṣẹ́ alẹ́ kò sì ní gbà ju bí ìṣẹ́jú ogójì lọ.

Lálẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ báyìí, bàbá wọn fi ṣíbí yí abọ́ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí ń wá owó nínú yanrìn. Ó ní, "Ẹran mi ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Dádì."

"Níbo?"

Kí n tó dáhùn, àbíkẹ́yìn wa ti pariwo, "Dádì, mo ti rí mẹ́sàn-án!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun rí mọ́kànlá. Ni wọ́n bá ń ka ẹran bí ẹni ń ka owó ẹ̀yọ́. Bàbá wọn wò wọ́n títí, ó wo èmi náà, ó sì jẹun. Nígbà tí ó parí, ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, ẹran mi yóò dúró lódidi lórí iyán." Mo ní, "Mo gbà." Àdéhùn wa nìyẹn, kò sì tíì yẹ̀ dòní. Àwọn àgbà ló kúkú sọ ọ́ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ìyá ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù. Màmá wá kí wa lọ́jọ́ kan, wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n yára dé e padà. Wọ́n ní, "Ìyàwó, aràn lo ń fún àwọn ọmọ mi jẹ?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Sìpàgẹ́tì ni. Ẹran wà nínú rẹ̀."

"Odó kò sí nílé ni?"

"Ó wà, Màmá. Àkókò ni kò sí."

Mo rò pé ìjà ni yóò dé. Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ní abà, nígbà ìkórè kòkó, ta ló ráyè gúnyán lọ́sàn-án? Ìkòkò kan náà la ń gbé kaná. Iṣu, epo, ata, ẹja gbígbẹ, tàbí ẹran ìgbẹ́ tí pàkúté bá mú. A ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó bù ú fún tọmọ-tàgbà, a ó sì padà sídìí iṣẹ́. Kò sẹ́ni tí ó pè wá lọ́lẹ."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ti ń wá gbólóhùn yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Àwa rò pé àṣà òyìnbó ni sísè oúnjẹ pọ̀ sínú ìkòkò kan, àṣé oúnjẹ oníṣẹ́ ni, ó sì ti wà nílé wa tipẹ́. Kí ni àsáró? Kí ni àdàlú? Kí ni ìkọ́kọrẹ́ àwọn ará Ìjẹ̀bú? Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí a ń jà lé lórí níbi ìnáwó, ṣé kì í ṣe ìkòkò kan náà ni, tí orúkọ rẹ̀ sì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Wolof ti ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà? Àwọn ará Líbíyà, tí Ítálì wọ ilẹ̀ wọn ní 1911 tí kò sì jáde títí di 1943, gba oúnjẹ onífọ́nrán yìí lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì, ṣùgbọ́n wọn kò sè é bí ti Ítálì. Wọ́n dà á sínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú ẹran, tòmátì àti ata gbígbóná, wọ́n ń pè é ní mbakbaka. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ọgbọ́n kan náà ni ó máa ń dá níbi gbogbo.

Màmá jẹ díẹ̀ nínú oúnjẹ náà. Wọ́n jẹ ẹran inú rẹ̀ tán, kí n má purọ́. Nígbà tí wọ́n ń dìde, wọ́n ní, "Ó dùn. Ṣùgbọ́n iṣu làwa jẹ, a ò jẹ okùn tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá." Wọ́n sì ní kí n wá nǹkan gidi fún àwọn jẹ.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni Màmá sọ. Àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe sìpàgẹ́tì. Òótọ́ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ń ṣe é níhìn-ín, tí Golden Penny kún ọjà, òótọ́ sì ni pé wọ́n ń gbin àlìkámà ní òkè ọya, ní Kánò àti Jígáwá àti Bọ̀nọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí a ń lọ̀ ní Nàìjíríà, òkè òkun ló ti ń wá. Ní 1985, Gunilla Andræ àti Björn Beckman, àwọn ọ̀mọ̀wé ará Suwídìn, kọ ìwé kan tí wọ́n pè ní The Wheat Trap, wọ́n sì fi hàn bí búrẹ́dì ṣe di okùn tí a fi so ara wa mọ́ ọjà àwọn ẹlòmíràn. Ní 1987 ìjọba Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé. Ní 1992 wọ́n ká òfin náà kúrò. Nígbà tí ìjọba sì tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là gun orí òkè, gbogbo ìyá tí ń lọ sọ́jà ló mọ ibi tí owó páálí sìpàgẹ́tì gùn dé.

Nítorí náà, n kò ní kí ẹnikẹ́ni fi sìpàgẹ́tì ṣe ọkọ. Ìkòkò náà ni mo ń polongo. Nílé mi, sìpàgẹ́tì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àsáró lẹ́ẹ̀mejì, ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan. Ẹran wẹ́wẹ́ kan náà ni mo ń fi sí gbogbo rẹ̀. Bí àlìkámà bá wọ́n, iṣu Èkìtì wà nílẹ̀. Bí iṣu bá ń fẹ́ kí a dúró de tuntun, sìpàgẹ́tì a dí àlàfo. Bí owó ẹran bá sì ga, ṣàkì àti ẹ̀dọ̀ kò burú, bí a bá ti gé wọn kéékèèké tí ó kárí.

Ẹ̀yin ọkọ, oúnjẹ yìí kò le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò fi lè sè é fúnra yín lọ́jọ́ tí ìyàwó bá pẹ́ lọ́nà. Ẹni tí ó lè ro ògì lè ro sìpàgẹ́tì. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ rántí abà. Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, bí aládùúgbò bá béèrè ìdí tí ẹ̀yìnkùlé yín fi dákẹ́ lálẹ́, ẹ ní kí ó wá wo inú ilé: abọ́ ti mọ́, ìwé ọmọ ti wà nínú báàgì, ọmọ sì ti sùn pẹ̀lú ẹran nínú ikùn. Iyán yóò dúró dè wá di ọjọ́ Àìkú. Ọmọ tí oorun ń kùn kò lè dúró.